Páálí Ẹyin àti Òǹkà Ilé Wa: Ìgbà Ìrúwé ní Peckham

Láti ìgbà Kérésìmesì ni olóòtú ìwé yìí ti ní kí a kọ nǹkan fún àwọn ìdílé tó ní ọmọ kékeré nílé, a sì ń sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni ọ̀kan nínú wa ń ṣe, ọdún owó orí ilẹ̀ yìí sì máa ń parí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ ohun tí à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ aago la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan nílẹ̀ yìí. Wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kùn nítorí oorun wákàtí kan tó lọ, pàápàá àwa tí a ti máa ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà rò. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago Peckham àti aago Òṣogbo bára mu régí. Bí aago mẹ́jọ bá lù níbí, aago mẹ́jọ náà ló lù lọ́hùn-ún. Oṣù méje gbáko!

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ilé wa, nítorí ìyá wa tó wà ní Òṣogbo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í sì í gba ìpè lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní òun ti ti ilẹ̀kùn. Nígbà òtútù, kí a tó tibi iṣẹ́ dé, kí a tó gbọ́únjẹ, ilẹ̀kùn Ìyá ti tì. Bí aago bá ti wá bára mu, ọmọ ọmọ wa á ráyè kí i dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á máa fi oríkì pe ọmọ náà, Àbẹ̀kẹ́. Yóò pé ọdún márùn-ún ní oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ méjì ló ń lọ sí nọ́sìrì lọ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ọ̀dọ̀ wa ló ń wà, nítorí ìyá àti bàbá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ni yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gidi, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Àwa méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìgbà ìrúwé yìí ni èyí tó kẹ́yìn tí yóò fi jẹ́ tiwa láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́.

A ní ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wá. Ní nǹkan bí ọdún 1996, nígbà tí bàbá Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, olùkọ́ kan ní ilé ìwé kan tí a kò ní dárúkọ pè wá. Ó ní ọmọ wa kì í tètè dáhùn ní kíláàsì, pé èdè méjì ló dà á lórí rú, kí a jọ̀wọ́ máa sọ òyìnbó nìkan fún un nílé. A gbà. Ẹ rí i, ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwa gan-an ò gbọdọ̀ gbà. Ifẹ̀ la ti kàwé. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò dàrú. Wọ́n ṣe dáadáa, àní nínú òyìnbó náà. A mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò ni wá nígbà yẹn, a ò tíì ní ìwé ìgbé ayé tó dúró, olùkọ́ sì ti sọ̀rọ̀. Lónìí, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé nílẹ̀ yìí ló ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n máa sọ èdè ilé wọn fún ọmọ. Ó ti pẹ́ jù fún ọmọ tiwa.

Nígbà tí ìyá wa wá kí wa ní 2003, oṣù mẹ́ta ló lò. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá. Ìyá á jókòó sórí àga kan, òun á jókòó sórí èkejì, tẹlifíṣọ̀n á wà láàárín wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá sọ fún wa nínú kíṣìnnì, kò bínú o, pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: "Ọmọ yín dára, kò ya ìpáǹle. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn nìkan la jọ ní." A kò rí èsì kan fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí Àbẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ tí aago yí, ó bi wá pé kí ni Yorùbá ń pe ìgbà tí òdòdó ń yọ yìí. A ní ìgbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, inú ìwé la ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí àwa ń dàgbà, òjò la mọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn la mọ̀, ọyẹ́ náà sì wà níbẹ̀ tó ń bẹ́ wa létè. A pe Ìyá lórí fóònù kí ó bá wa dá sí i. Ìyá ní, "Kí lẹ ń pè ní ìrúwé? Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ níbí, a ti ń gbin àgbàdo." Ni Àbẹ̀kẹ́ bá kéde pé àkọ́rọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí dáfódìlì lójú ọ̀nà, á ní, "Màmá àgbà, ẹ wo òdòdó àkọ́rọ̀." A ò já a níyàn. Ìyá àgbà rẹ̀ tilẹ̀ fi òdòdó náà ṣe àlọ́ àpamọ̀ fún un: kí ló dé fìlà aláwọ̀ ẹyin, tó ń tẹríba fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, tí kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi pa á fún bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń sọ èsì rẹ̀ fún un kí ó tó parí ìbéèrè.

Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà ni Rye Lane. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú mìíràn, bí ẹ bá wá kí wa, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1865, kí ẹ jáde sí títì. Ẹ má béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, imú yín ni yóò mú yín lọ. Iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo, panla, ẹ̀fọ́ tí wọ́n dì ní ìdì ìdì. Àwọn kan ń pe ibẹ̀ ní Èkó Kékeré. Àwa ò fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀, nítorí àwọn ará Gánà, ará Jàmáíkà àti ará Éṣíà náà ń tajà níbẹ̀. Àbí Èkó wo ló ń tutù báyìí?

Eré tí a máa ń ṣe níbẹ̀ ni ti àwọ̀. A ó ní, "Wá ohun pupa márùn-ún fún wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ aláta." Tòmátì, epo, ata tàtàṣé, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní ìkángun títì. Ó ku ọ̀kan. A nawọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó ní rárá o, ìyẹn kì í ṣe pupa. A ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n, pupa ni. Ìjà dé. Nígbà tí a délé, a se ẹyin, a sì là á. Ìyá àgbà rẹ̀ ní, "Kí ni a ń pe inú rẹ̀ yìí? Pupa ẹyin." Ọmọ náà wo ẹyin, ó wo wa, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ò ríran dáadáa." A rẹ́rìn-ín títí. A wá ṣàlàyé fún un pé àwọn àgbà kó gbogbo àwọ̀ ayé sínú agbọ̀n mẹ́ta, funfun, pupa àti dúdú, pé bẹ́ẹ̀ ni ewé tútù àti ojú ọ̀run alẹ́ ṣe lè wà nínú agbọ̀n dúdú. Ó gbà fún ewé. Kò gbà fún ẹyin títí di òní.

Ẹyin yìí ló bí páálí ẹyin. Ìgbà Àjíǹde ni, ẹyin pọ̀ nílé, páálí oníhò méjìlá sì wà nílẹ̀ tí a fẹ́ jù nù. Ọ̀kan nínú wa gbé e dání, ó kà á: ihò mẹ́fà lápá kan, ihò mẹ́fà lápá kejì. Ọpọ́n ayò rèé! Ọdún mélòó la ti ń wá ọpọ́n ayò rà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà nínú páńtí wa láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ ayò ni a kò ní, èso eérú líle tí à ń ṣà nínú igbó nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀wà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. A ka mẹ́rin mẹ́rin sí ihò kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta.

Ibí ni inú oníṣirò owó ti dùn, ẹ fara dà á fún wa díẹ̀. Nínú òǹkà Yorùbá, láti orí ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá ni. Bí a bá dé ẹ̀ẹ́dógún, ojú wa ti ríran rí ogún níwájú, a ó wá máa ka iye tó kù kí a débẹ̀, bí ẹni tó ti rí òrùlé ilé rẹ̀ lókèèrè: ogún dín márùn-ún, dín mẹ́rin, dín mẹ́ta. Nígbà náà ẹ wo 48. Ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Yọ ẹ̀wá kúrò, ó di àádọ́ta. Yọ méjì kúrò, ó di méjìdínláàádọ́ta. Ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Òyìnbó kan tó jẹ́ míṣọ́nnárì, Adolphus Mann, kọ̀wé lórí òǹkà yìí ní 1887. Ó so ó mọ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ka owó ẹyọ: wọ́n á da àpò sílẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún, títí yóò fi di ogún, tí ogún yóò fi di igba. Àpò kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ìdí sì nìyí tí ọ̀kẹ́ kan fi jẹ́ 20,000 títí di òní.

Dájúdájú ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ gbogbo ìyẹn. Bí orin ni ó kọ́kọ́ ṣe gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, méjì-dín-láàá-dọ́-ta, á máa fò mọ́ ọn lórí àtẹ̀gùn. Ohun tó jẹ́ kí "dín" yé e ni ìgò jáàmù. A fi òwú tútù sínú ìgò, a fi ẹ̀wà mẹ́fà há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a gbé e sójú fèrèsé kíṣìnnì tí oòrùn ń bà. Láràárọ̀ ló ń yọjú wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pariwo pé, "Bàbá àgbà, ẹ̀wà ti wéèkì ọ́ọ̀pù!" A ní, "Ó ti jí. Mélòó ló jí?" Ó kà á, mẹ́rin. Méjì kò hù rárá, wọ́n kàn ń wú nínú omi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀fà, ó dín méjì." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Bí ojú ọjọ́ bá dára, a máa ń gba Rye Lane dé Peckham Rye. Pápá ńlá ló wà níwájú, páàkì wà lẹ́yìn. Àwọn aláṣẹ Camberwell ra pápá náà ní 1868 kí wọ́n má baà fi ilé kún un, wọ́n sì ṣí páàkì ní 1894. Odò Peck, tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ níbòmíràn, ṣì ń ṣàn wẹ́rẹ́ nínú páàkì náà, Àbẹ̀kẹ́ sì máa ń ju igi sínú rẹ̀ kí ó lè bá a sáré. Níhìn-ín ni William Blake, akéwì àti ayàwòrán tí wọ́n bí ní 1757, ti sọ nígbà tó ṣì wà ní ọmọdé pé òun rí igi kan tí áńgẹ́lì kún ẹ̀ka rẹ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án nítorí irọ́, ìyá rẹ̀ ló bá a bẹ̀bẹ̀. (Bàbá yẹn ì bá wọ ẹgbẹ́ wa dáadáa.) A sọ ìtàn náà fún Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi ńlá kan. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àwọn áńgẹ́lì náà wà níbẹ̀, wọ́n ń pariwo." Lóòótọ́ ni ariwo wà. Àwọn ẹyẹ tútù bí ewé tó jọ ayékòótọ́ ni, tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, tí wọ́n sì ti ń pamọ kiri nínú igbó àti páàkì ilẹ̀ yìí láti nǹkan bí 1970. Òtútù ò lé wọn lọ, wọn ò sì dẹ ohùn.

Bí òjò bá rọ̀, ilé ìkàwé Peckham la ń sá lọ. Ẹ ò lè ṣì í mọ̀, ilé aláwọ̀ ewé tó dà bíi lẹ́tà L tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Will Alsop ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2000, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún yẹn. Yàrá mẹ́ta onígi, roboto, wà nínú rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní ẹyin ògòǹgò ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹrin. Bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sílé, aago méje ku díẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò tíì kí Ìyá. A pe Ìyá lórí fóònù alaworan. Ó wólẹ̀ fún ìkúnlẹ̀ níwájú fóònù, bí a ṣe kọ́ ọ, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ni Ìyá ń rí. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà." Ìyá ní, "Káàárọ̀ o, ìyá mi," kó lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Ó ní, "Rárá mà, ìrọ̀lẹ́ ni!" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ Ìyá, iná àtùpà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé wa. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ìdí tí aago fi jẹ́ ọ̀kan tí òkùnkùn fi yàtọ̀. A fi ọsàn kan àti iná tọ́ọ̀ṣì ṣàlàyé pé ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún wà nítòsí àárín ayé, ọ̀sán àti òru wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àwa wà lókè lọ́hùn-ún, ọ̀sán wa ń gùn sí i bí àkọ́rọ̀ ti ń lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Ó jẹ ọsàn náà.

Ìyá, tó ta aṣọ ní ọjà fún ọdún púpọ̀, wá bi í léèrè pé wọ́n ní ó ń ta ayò, ọmọ ayò mélòó ló wà lójú ọpọ́n? Ó ní, "Méjìdínláàádọ́ta mà." Ìyá ní, "Bí mo bá jẹ mẹ́ta ńkọ́?" Ó sáré lọ gbé páálí, ó yọ ẹ̀wà mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka èyí tó kù. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìyá dúró, kò rán an létí. Àwa ló ń mú ọ̀rọ̀ dè lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, ó tún dín." Ìyá pàtẹ́wọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó tún dín, ó ku márùndínláàádọ́ta.

Bàbá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó rọra bi wá lóyìnbó pé kí ni ọmọ òun ń sọ fún Ìyá. A sọ fún un. Ó ní kí a tún ọ̀rọ̀ náà pè, ó gbìyànjú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀ lórí "láàádọ́ta." Ọmọ rẹ̀ yíjú padà, ó ní, "Dádì, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀," ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Ìyá wà lórí fóònù, ó ń wo àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó pè é tán, Ìyá pe orúkọ rẹ̀ lódidi, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi." Ọmọkùnrin wa dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Ìyá." Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Ìyá tó lọ ti ilẹ̀kùn.

Wọn ò lọ sílé lásìkò lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá àti ọmọ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ta ayò. Ìyá àgbà ọmọ ló ń ṣe adájọ́, kò sì ṣe é dáadáa, apá ọmọ ló wà. Àbẹ̀kẹ́ di ọ̀ta, bàbá rẹ̀ di ọ̀pẹ. Ní báyìí, ó máa ń tètè dé ní ọjọ́ Ẹtì.

Páálí àkọ́kọ́ ti ya, ẹ̀wà sì ti wọ abẹ́ àga gbogbo. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní páálí ẹyin oníhò méjìlá nílé, ẹ má jù ú nù, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa ó mú ẹ̀wà wá. Àwọn ọmọ á ta ayò lẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn àgbà bá ń jiyàn lórí ìwé owó ẹgbẹ́.